Jíìpù Tí Kò Gbọdọ̀ Tẹ Títì

Ọ̀dà ilé ni mo ń tà ní Ṣàngótẹ̀dó, iṣẹ́ náà ló sì kọ́ mi láti máa fura. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń da omi sínú ọ̀dà, tí wọ́n á tún fi ẹfun lú u kó lè ki, kò ní tètè gba nǹkan kan gbọ́ mọ́. Bí oníbàárà bá ń rẹ́rìn-ín jù, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Àwọn tá a jọ wà lọ́jà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí áńgẹ́lì bá kanlẹ̀kùn mi, màá kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an. Ìfura loògùn àgbà, mo máa ń wí fún wọn.

Bàámi ń gbé lẹ́yìn Lakowe, níhà òkun, nínú ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń pẹja. Tẹ́lẹ̀, ọ̀nà tó le dáadáa ló wà láti títì dé ẹnu ọ̀nà wọn, ọ̀kadà sì ń gbà á. Nígbà tí àwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì tuntun dé, wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n ń fa yanrìn láti inú ọ̀sà, wọ́n ń tú u jọ, títí òkè yanrìn fi dúró láàárín ilé wa àti títì. Yanrìn náà funfun, ó sì rọ̀. Bí èèyàn bá yọ ẹsẹ̀ kan, èkejì á rì. Kò sí ọ̀kadà tó fẹ́ débẹ̀ mọ́.

À bá fara mọ́ ọn bí kì í bá ṣe ti ẹsẹ̀ Bàámi. Àtọ̀gbẹ ń bá wọn jà, egbò kan sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tí kò fẹ́ san. Dókítà kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ fún mi: ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí wọ́n máa wá kí wọ́n lè fọ egbò náà dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n máa gé. Mo bẹ Bàámi pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní àwọn kò ní fi ilé àwọn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé pẹ̀lú wọn ní jíìpù ògbólógbòó kan, tí yanrìn ti há mọ́ àgbàlá. Ó gbìyànjú láti fi gun òkè náà, ó rì dé ikùn. Ni ọ̀rọ̀ táyà pádù bá di orin lẹ́nu rẹ̀. Irú táyà yìí kò ní ojú wẹ́wẹ́ bíi ti mọ́tò tiwa. Rọ́bà gíga ló tò lé e lórí ní ìbú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ̀ kòtò díẹ̀, wọ́n sì ń wa yanrìn bí àjẹ̀ ṣe ń wa omi. Níbi tí táyà mìíràn bá ti ń gbẹ́ sàréè fún ara rẹ̀, òun á máa ti ọkọ̀ síwájú.

Mo fura sí i lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi irú táyà bẹ́ẹ̀ ṣe fàájì ní etíkun, àbúrò mi kò sì kórìíra fàájì. Mo ní ó fẹ́ fi egbò Bàámi ra ohun ìṣeré fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n mìíràn lọ́wọ́ mi, ni mo bá tẹ̀ lé e lọ sí Ikate, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ etíkun.

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ gbé èyí tí pádù rẹ̀ ga jù, tó sì pọ̀ jù, síwájú wa, ó ní òun ni ọba wọn. Mo bi í pé ta wá ni àwọn kéékèèké tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wà fún. Ó wò mí, ó wá béèrè bí ẹ́ńjìnnì wa ṣe lágbára tó. Àbúrò mi ní kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ìgbà náà ló tó jẹ́wọ́ pé pádù tó bá pọ̀ jù á di yanrìn mú ju bí ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe lè yí i lọ, ọkọ̀ á kàn kú sójú kan ni. Mo bi í ìdí tí kò fi sọ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní èmi kò béèrè. Mo fi èékánná họ rọ́bà náà, mo gbóòórùn rẹ̀, mo dá méjì tó ti ń sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà, mo sì mú méjì mìíràn tí pádù wọn mọ níwọ̀n. Ẹ̀yìn ọkọ̀ nìkan ni wọ́n wà fún. Fún ti iwájú, a ra táyà tó dán, tó ní ìlà rọ́bà kan ṣoṣo láàárín, kí ọkọ̀ lè gbọ́ràn tí a bá yí sítíárìn. Ó kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ fi wọ́n tẹ títì, torí títì á jẹ pádù náà tán.

A yí àwọn táyà náà gorí òkè yanrìn dé àgbàlá, fọkanáísà ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Mo dúró tì í gbọingbọin. Ó ti fẹ́ de ọ̀kan ní òdì, mo ní kó tú u: tí pádù bá wà lókè, iwájú ni kí kòtò rẹ̀ kọjú sí, kó lè jẹ́ pé tó bá dé ilẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò máa ha yanrìn sí. Lẹ́yìn náà la yọ lára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Táyà yìí kò gbọdọ̀ le. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́ sórí yanrìn bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Bí wọ́n bá fún un ní afẹ́fẹ́ bíi ti ọkọ̀ títì, yóò rì ni.

Kí àbúrò mi má baà ya bàrá sí ibi tó rọ̀ jù, mo fi téèpù wọn àgbàlá láti mọ ibi tí ọkọ̀ á ti lè sáré dáadáa kó tó kan òkè. Mo wá mú ọ̀dà pupa tí mo gbé wá láti ṣọ́ọ̀bù, mo fi sàmì sára àwọn igi àgbọn àti igun ògiri ilé, níbi tó ti gbọ́dọ̀ yí ọkọ̀. Bàámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Nígbà tí jíìpù náà gbéra, tó gun òkè, tó sì bọ́ sí òdì kejì, inú mi dùn débi pé mo jó. Bàámi ní a kú iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ sí ọsibítù, mo páàkì mọ́tò mi sẹ́bàá títì, mo ń retí wọn. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ké, n kò rí jíìpù. Mo fẹsẹ̀ gun òkè náà. Ẹ̀yìn jíìpù ti rì dé ibi irin tó so táyà méjèèjì pọ̀, Bàámi sì jókòó sínú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo fọwọ́ kan táyà: ó le bí òkúta. Àbúrò mi ní bóyá oòrùn ló mú kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wú. Oòrùn wo, ní òwúrọ̀? Kí a tó wa ọkọ̀ náà jáde, ọ̀sán ti pọ́n, àwọn tó ń fọ egbò ti ṣíwọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Àbúrò mi búra pé òun tẹ táyà náà wò ní ìrọ̀lẹ́, pé ó rọ̀. N kò gbà á gbọ́. Kì í ṣe ojú lásán, mo wí fún un. Àwọn ẹ́sítéètì tó ń wá ilẹ̀ Bàámi ti fún un ní nǹkan, ó fẹ́ kí ẹsẹ̀ Bàámi bàjẹ́ kí wọ́n lè kúrò lórí ilẹ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ó wò mí, omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì yí padà wọlé lọ. Bàámi ní kí a fi í sílẹ̀, pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Egbò náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń bọ̀. Ìrun àsùbáà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni mo dé orí òkè yanrìn, mo fẹ́ ká àbúrò mi mọ́ ọn. Bàámi ni mo bá nídìí táyà. Wọ́n jókòó sórí báàkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n síwájú, wọ́n fi ọ̀rá wé e kí yanrìn má baà kó sí i. Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́.

“Bàámi, ẹ̀yin ni?”

Wọn kò tilẹ̀ dáwọ́ dúró. “Ìwọ lo fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé mi. Gbogbo ilé tí wọ́n sàmì pupa sí ní àdúgbò yìí, èwo ló ṣì dúró nínú wọn? O sì tún ń fi téèpù wọn ilẹ̀ lójú mi. Ọjọ́ tí mo bá gun ọkọ̀ yìí jáde ni katakata máa wọlé wá wó o.”

Mo jókòó sórí yanrìn. Mo ṣàlàyé pé nítorí ọkọ̀ ni mo ṣe sàmì, pé nítorí ọkọ̀ ni mo ṣe wọn ilẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra. Wọ́n rán mi létí ọkùnrin tí ilé rẹ̀ wà lápá ọ̀tún wa tẹ́lẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló wá fi mọ́tò gbé e lọ kí dókítà lè wo ojú rẹ̀. Nígbà tó fi máa padà, yanrìn ti bo ilé rẹ̀.

“Ọmọ tirẹ̀ náà búra,” ni Bàámi wí.

Inú bí mi, ó sì dùn mí wọ inú eegun. Nínú gbogbo ẹni tí mo ń ṣọ́, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹnì kan ń ṣọ́ èmi náà. Mo lọ jí àbúrò mi, mo sì kúnlẹ̀ fún un, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kí n dìde, ẹsẹ̀ Bàámi ni kí á gbájú mọ́.

Nígbẹ̀yìn, Bàámi ní àwọn á lọ, bí àbúrò mi bá lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí àwọn á fi dé. Èmi ni kí n wakọ̀, kí ojú àwọn lè tó mi. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sápò. A yọ lára afẹ́fẹ́ táyà, mo sì wakọ̀ gun òkè yanrìn náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Bàámi kò wo ọ̀nà. Wọ́n yí ọrùn sẹ́yìn, ilé ni wọ́n ń wò títí òkè fi bò ó.

Lẹ́bàá títì, a bọ́ sínú mọ́tò mi. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tú ẹsẹ̀ náà, ó lọ pe dókítà. Ìka méjì ti dúdú. Dókítà ní àwọn á gé wọn lọ́jọ́ náà, pé ká sọ pé wọ́n tètè dé ni, kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Bàámi ní kí wọ́n gé e, kí wọ́n sáà jẹ́ kí àwọn tètè padà sílé. Mo di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n rọra yọ ọ́ kúrò nínú tèmi, wọ́n fi tẹ àpò wọn wò bóyá kọ́kọ́rọ́ ṣì wà níbẹ̀.