Pèrègún Inú Abọ́ Jíjò

Nígbà tí Ràfíátù ti Àbíjàn dé sí Ẹ̀jìgbò, ẹrù rẹ̀ kò ju àpótí méjì àti ẹ̀rọ ìránṣọ kan lọ. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló lò lọ́hùn-ún kí ọkọ rẹ̀ tó fẹ́ ìyàwó kékeré, tí ìyàwó kékeré sì gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìsúndúnrìn, tí kò jìnnà sí Ẹ̀jìgbò, ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ilé bàbá rẹ̀ níbẹ̀ ti wó, ewúrẹ́ ló ń sùn nínú ìyókù ògiri. Òun náà kò sì fẹ́ kí àwọn ẹbí máa wo òun bí ẹni tí ọkọ lé. Ẹ̀jìgbò ni oníbàárà wà, Ẹ̀jìgbò ló fìdí kalẹ̀ sí.

Bàbá Fábíyìí ló gbà á sílé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, lọ́nà Ìwó. Ajíbádé, ọmọ bàbá tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ló kọ́ ọ. Bàbá ń gbé òkè. Yàrá méjì ló wà nísàlẹ̀: Ajíbádé kó irin mọ́tò kún ọ̀kan, wọ́n fún Ràfíátù ní èkejì. Iwájú yàrá rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Fàráńdà kékeré kan ló wà níbẹ̀ tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ti sán, àti ilẹ̀ díẹ̀ níwájú rẹ̀ tí ẹní mẹ́ta lè bò tán. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ ni. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, eruku ni. Àwọn tó ń gbé aṣọ wá rán á gbé ẹrẹ̀ wọlé pẹ̀lú aṣọ náà, Ràfíátù á rán aṣọ, á sì tún nu ilẹ̀.

Ní Àbíjàn, kí ó tó ra ẹ̀rọ, aṣọ ló ń fọ̀ fún obìnrin òyìnbó kan ní Kókódì. Nǹkan kan ṣoṣo ni ojú rẹ̀ kó bọ̀ láti ibẹ̀: iwájú ilé tí òdòdó yí ká. Kì í ṣe pé ó fẹ́ di òyìnbó o. Ó kàn rí i pé ẹni tó bá jókòó síwájú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ a máa balẹ̀, ọkàn tirẹ̀ kò sì balẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan.

Kò sówó, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe àdín, ó kó èèpo ẹkùrọ́ tí wọ́n ń dà sígbó, àpò mẹ́jọ gbáko, ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ náà, ẹrẹ̀ dópin. Ó gé ẹ̀ka fuláwà pupa lára ọgbà ilé ìwòsàn. Ó wú ìdò létí odò ní Máṣífà. Ó tọrọ kóró tannáposó, èyí tó ń tanná nírọ̀lẹ́. Ó ṣa ewé abàmọ́dá, èyí tí èèyàn á jù sílẹ̀ lásán tí yóò sì hù. Ó bu ilẹ̀dú láti àkìtàn, ó pò ó mọ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ohun tí kì í kú lọ́dún ló ń wá.

“Èmi ò lágbára à ń gbìn lọ́dọọdún,” ó máa ń wí. “Èyí tí mo bá gbìn lẹ́ẹ̀kan, kó yáa máa bá mi gbé.”

Ṣé ẹ mọ ẹnu ará àdúgbò. Yẹ̀kínì, fọkanáísà tó ń lẹ taya ní òdìkejì títì, ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

“Ìyá Àbíjàn, nínú gbogbo ewé yìí, èwo ló ṣeé sè?”

“Ojú ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, Yẹ̀kínì.”

“Háà! Ojú tèmi ti yó o. Ikùn ló kù.”

Ràfíátù ń bomi rin ewé rẹ̀ lọ. Ibi tó ti kọsẹ̀ ṣì ń bọ̀. Ní Kókódì, pèrègún ni wọ́n gbìn yí ọgbà ká, wọ́n gé orí rẹ̀ dọ́gba, ó dára lójú. Ni Ràfíátù bá wá ẹ̀ka pèrègún, ó rì í mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún, lósì àti níwájú, láti ara ògiri dé etí gọ́tà. Nígbà tó ṣe é tán, ó bọ́ sẹ́yìn wò ó, ó rẹ́rìn-ín. “Fuwalà!” ló wí, bí àwọn ará Àbíjàn ti ń wí nígbà tí nǹkan bá bọ́ sí i.

Kò bọ́ sí i rárá. Ọmọ ọdún méje ní Ẹ̀jìgbò mọ̀ pé pèrègún ni àlà ilẹ̀. Ẹni tó bá gba ilẹ̀ dáko lọ́wọ́ onílẹ̀, àgbàdo ni kó gbìn, ewébẹ̀ ni kó gbìn, ohun tó máa kú kí ọdún tó yí po. Kò gbọdọ̀ gbin obì, kò gbọdọ̀ gbin ọ̀pẹ, nítorí ohun tó bá pẹ́ nílẹ̀ ló ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ràfíátù mọ gbogbo èyí kó tó lọ. Àjò ọdún mẹ́rìndínlógún ló gbà á lọ́kàn rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Fábíyìí sọ̀kalẹ̀, ó dúró, kò kí ẹnikẹ́ni.

“Ràfíátù. Ta ló bá ọ pín ilẹ̀?”

“Bàbá, kò sẹ́ni tó pín ilẹ̀. Òdòdó ni.”

“Pèrègún lo pè ní òdòdó?” Bàbá fi ọ̀pá tọ́ka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. “Bí mo bá kú lọ́la, tí àwọn ọmọ mi bá bá pèrègún yí iwájú ilé wọn ká, ta ni yóò sọ fún wọn pé òdòdó ni? Àwọn ọmọ tìrẹ ni?”

Ràfíátù kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní kí bàbá má bínú, òun kò rò ó dé ibẹ̀. Bàbá kò bínú sókè. Ìyẹn ló sì bani lẹ́rù jù. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni òun fún un. Ohun gbogbo tí kì í kú lọ́dún, kó kúrò nínú ilẹ̀ náà. Bí kò bá kúrò, kí Ràfíátù àti òdòdó rẹ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀ pọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun Ràfíátù wọnú eegun. Ní Àbíjàn, àjòjì ni wọ́n ń pè é. Ó délé tán, wọ́n ní ará Àbíjàn ni. Ilẹ̀ ẹní mẹ́ta tún wá di ẹjọ́. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò rán nǹkan kan títí oòrùn fi yẹ̀.

Yẹ̀kínì ẹlẹ́nu náà ló gbà á sílẹ̀. Ó sọdá pẹ̀lú abọ́ ńlá kan lábẹ́ apá, èyí tó máa ń da omi sí láti fi wá ibi tí túúbù ti jò. Abọ́ náà ti wá ń jò ju àwọn túúbù lọ.

“Ìyá Àbíjàn, bàbá ní kó kúrò nínú ilẹ̀. Ṣé wọ́n ní kó kúrò lókè ilẹ̀?”

Ràfíátù wo abọ́, ó wo Yẹ̀kínì, ó gbá àtẹ́lẹwọ́. Láàárín ọjọ́ méjì, kò sí korobá fífọ́, ìkòkò jíjò tàbí agolo mílíìkì tí kò gbà ládùúgbò. Ó sọ fún àwọn tó ń fún un pé jíjò gan-an lòun ń fẹ́, kí omi má baà pa gbòǹgbò. Ó wú gbogbo òdòdó náà, ó gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ohun tó bá a mu. Pèrègún, ọ̀kan ṣoṣo ló mú nínú wọn, ó fún àwọn tó ní oko ní ìyókù. Inú abọ́ Yẹ̀kínì ló gbin ọ̀kan náà sí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó fàráńdà.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, bàbá dé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí korobá kan mú, ó gbé e sókè díẹ̀, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bó ṣe dán gbogbo wọn wò nìyẹn, kò fo ọ̀kan.

“Wọ́n ń gbéra,” bàbá wí.

“Ẹrù ni wọ́n, Bàbá. Ọjọ́ tí ẹ bá ní kí n máa lọ, orí ni màá gbé wọn lé.”

“Ó dáa. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò gbéra, ìwọ náà ti mọ ọ̀nà.”

Iwájú ilé náà wá dára, ẹ gbà mí gbọ́. Ràfíátù fi ẹfun kun ara àwọn korobá, wọ́n funfun báláú. Ìdò yọ òdòdó pupa, fuláwà ga dé ojú fèrèsé. Onífọ́tò kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn oníbàárà rẹ̀ wá síbẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Àwọn obìnrin tó ti fi í ṣẹ̀sín ń yọ́ wá tọrọ ẹ̀ka, ó sì ń gé e fún wọn. Bàbá Fábíyìí alára di ará ibẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, tí tannáposó bá fẹ́ là, bàbá á sọ̀kalẹ̀, á jókòó lórí àga onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ pèrègún, á máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ.

Lọ́dún kẹta, Ràfíátù ń gbálẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó fẹ́ sún abọ́ pèrègún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, abọ́ kọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un, abọ́ kọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: gbòǹgbò ti gba ojú ihò jáde, ó ti wọlẹ̀ lọ. Ó wọlé mú ọ̀bẹ, ó jáde, ó lóṣòó síbẹ̀, kò lè gé e. Ó ní ó di ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì, ó wa èèpo ẹkùrọ́ jọ yí ìdí abọ́ náà ká, kò sì sọ fún ẹ̀dá kan. Láti ọjọ́ náà, bí bàbá bá ti jókòó síbẹ̀, ẹ̀rù a máa ba Ràfíátù, ṣùgbọ́n á ṣì bomi rin ín.

Ọdún tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ni orúnkún bàbá dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àtẹ̀gùn di ogun. Ajíbádé wá bá Ràfíátù, ó wólẹ̀ kí i dáadáa, nítorí onísùúrù ọmọ ni.

“Ìyá Àbíjàn, ẹ má bínú sí mi. Bàbá ò lè gun òkè mọ́. Yàrá yín yìí la fẹ́ fi wọ́n sí, bí oṣù bá parí.”

“Yàrá kejì ńkọ́?”

“Irin ló kún ibẹ̀, ẹ̀yin náà rí i. Kò síbi tí mo fẹ́ kó o sí.”

Kí ni Ràfíátù fẹ́ wí? Ilé onílé ni, orúnkún arúgbó sì ni. Ó ní ó dáa. Ó wá yàrá kan lẹ́yìn ọjà, tó jẹ́ pé ògiri ẹlòmíràn ni èèyàn ń wò bó bá ṣílẹ̀kùn. Kì í ṣe ẹrù kíkó ló ń kó o láyà sókè lóṣù yẹn. Abọ́ kan ṣoṣo ni.

Ọjọ́ náà kò, ó pé. Ajíbádé gbé ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀ wá, òun àti Yẹ̀kínì ń kó ẹrù sí i. Wọ́n kó àpótí, wọ́n gbé ẹ̀rọ, wọ́n kó korobá àti ìkòkò, òdòdó ń mì lórí ọkọ̀. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó wá ku abọ́ pèrègún. Ajíbádé di etí rẹ̀ mú, ó fà á. Ó tún un fà.

“Kí ni wọ́n kó sínú èyí, òkúta ni?”

Yẹ̀kínì fi ẹsẹ̀ gbá èèpo ẹkùrọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó sì tọ́ka sí ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò náà ti nípọn tó ọrùn ọwọ́. Ajíbádé wo bàbá rẹ̀, ó lọ mú àdá nínú ọkọ̀.

Ràfíátù ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Bàbá, mo mọ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti wọlẹ̀. Mo bò ó mọ́ yín lójú. Ẹ dárí jì mí.”

“O bò ó,” bàbá wí. “Mo fi ọ̀pá tì í lọ́dún yẹn, kò mira. Lọ́jọ́ kejì mo bá èèpo ẹkùrọ́ nídìí rẹ̀ bí ebè iṣu.”

“Ẹ mọ̀, Bàbá? Ẹ ò sì sọ̀rọ̀?”

“Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n lé ọ lọ, kí èmi nìkan wá máa jókòó ti pèrègún?” Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ajíbádé, gbé àdá yẹn sílẹ̀. Lọ kó irin rẹ jáde nínú yàrá kejì.”

“Bàbá, níbo ni kí n kó o sí?”

“Ṣebí o gbé ọkọ̀ wá. Sọ ẹrù Ràfíátù kalẹ̀, kí o kó irin rẹ sí i. Yàrá kejì tó mi í sùn. Iwájú ibí ni mo ti ń jókòó tẹ́lẹ̀.”

Ajíbádé wo ọkọ̀, ó wo bàbá, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé korobá àkọ́kọ́ sọ̀. Yẹ̀kínì ní òun mọ̀ pé iṣẹ́ òfo lòun wá ṣe láàárọ̀ yìí. Ràfíátù fẹ́ dúpẹ́, ẹkún ló jáde. Ó gbé kèrègbè omi, ó rọ ọ́ sídìí pèrègún, ó ń rọ ọ́ títí omi fi ṣàn kan ẹsẹ̀ bàbá.

Bàbá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

“Ràfíátù,” ó wí, “obì ni o ò gbọdọ̀ gbìn o.”