Táyà Mẹ́rin Láti Ara Bàtà Ìyá Mi

Ẹni tó bá rò pé ọkọ̀ agolo kì í ṣe iṣẹ́ ọpọlọ, kò tíì ṣe é rí. Ní Pobè, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí mo jẹ́ ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá, mo lè fi ọjọ́ mẹ́ta wá agolo kan ṣoṣo. Agolo tòmátì fúyẹ́ jù. Agolo sàdíìnì ló dára, ṣùgbọ́n mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ igun rẹ̀ wò kí n tó gbà á, torí èyí tí wọ́n bá ti fi ọ̀bẹ fà ya kò ní dúró gírí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń ṣe ọ̀pá tí táyà ń yí lé. Ti agboòrùn máa ń tẹ̀. Òkú bátìrì ni ẹrù tí mo ń dè sínú rẹ̀ kí ó má baà máa fò. Níwájú, lábẹ́, ìṣó kan a yọ sísàlẹ̀, nítorí pé eré tiwa kì í ṣe ti kí á fi okùn fa ọkọ̀ kiri. A gbẹ́ poro tóóró méjì sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ pupa. Ìṣó ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wọ inú poro tirẹ̀, a jù wọ́n sílẹ̀ lókè, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀ láìfò jáde ló borí.

Poro tó dára jù wà ní Sakété, lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọmọkùnrin ilé náà, ojúgbà mi, ti borí mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní kí n lọ yan gàrí bí àwọn obìnrin. Mo mọ ibi tí ìṣòro wà: táyà ni. Ìdérí ìgò ń yọ̀. Rọ́bà kẹ̀kẹ́ le, ó ń ta. Rọ́bà tó rọ̀, tó sì nípọn, tó ń dì mọ́ ilẹ̀ ni mo nílò, n kò sì mọ ibòmíràn tó wà ju abẹ́ bàtà ìyá mi lọ.

Ìyá mi ti ṣe àìsàn ẹ̀tẹ̀ rí. Ó ti san, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò mọ nǹkan mọ́, ì báà jẹ́ iná. Ilé ìwòsàn ló fún un ní bàtà rọ́bà dúdú náà, ojoojúmọ́ ló sì ń wọ̀ ọ́, títí ó fi wọ ìjọ aláṣọ funfun tó ti Àjàṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn yẹn kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ aṣọ àdúrà. Ìyá mi wá gba àdúrà ọlọ́jọ́ méje. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi wọ aṣọ funfun, tó ń rìn lórí iyanrìn rírọ̀ àgbàlá ìjọ, bàtà wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Mo ní ó ti fi bàtà sílẹ̀ pátápátá nìyẹn. Kí n má parọ́: ohun tí mo fẹ́ rò ni mo rò. Bó bá dá mi lójú ni, ǹ bá ti béèrè.

Mo gbé méjèèjì lé ọwọ́, mo wọ̀n wọ́n wò. Ti ọ̀tún nípọn ju ti òsì lọ ní gìgísẹ̀. Wọ́n lẹ rọ́bà kún un ní ìlọ́po méjì. Inú mi dùn bí ẹni tó rí ẹran nísàlẹ̀ ọbẹ̀. N kò bi ara mi léèrè ìdí tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Mo gé táyà mẹ́rin jáde lára rẹ̀, mo fi òkúta ra etí wọn títí wọ́n fi rí róbótó, mo sì fi ìyókù bàtà náà pamọ́.

Ọjọ́ kejì tí àdúrà parí, ọjọ́ ọjà Sakété ni. Ìyá mi di gàrí rẹ̀, ó nawọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ti òsì nìkan ló bá.

"Ta ló rí bàtà mi kejì?"

Mo ní bóyá ajá ló gbé e. Ọkọ̀ ẹrù ti ń fọn fèrè níta. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí.

"Ó dáa. Màá rọra rìn."

Ọkọ̀ kan náà la jọ wọ̀, ọkọ̀ agolo tèmi wà nínú àpò ìwé tí mò ń gbé lọ sí lékọ́lì.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, mo borí. Ọkọ̀ mi kò mì, kò fò. Ó dé ìsàlẹ̀ kí ti ọmọ yẹn tó dé ìdajì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo borí. Mo jó, mo ní òun náà kó lọ yan gàrí. Ìyá mi ti ọjà dé, ó dúró ń wò wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na ìka sílẹ̀.

"Ìyá kékeré, ẹ̀jẹ̀ kí lèyí?"

Láti etí títì títí dé ibi tó dúró sí, ipa ẹsẹ̀ kan mọ́, ipa ẹsẹ̀ kejì pupa. Àfọ́kù ìgò ti wọ gìgísẹ̀ rẹ̀ tán, kò sì mọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń wo ti ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò yí táyà kan. Ó dá a padà sí mi lọ́wọ́.

Ọgbẹ́ náà kẹ̀. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń di ọgbẹ́ níbẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní dòtóò bíi dókítà, tí ìyá mi lè bí, ní kí a mú bàtà rẹ̀ wá. Mo lọ gbé ìyókù tí mo fi pamọ́ wá, ó sì gbé e sókè.

"Ta ló gé èyí?"

"Èmi ni, dòtóò," ni ìyá mi wí. "Mo fẹ́ fi dí ihò garawa."

"Ìwọ? Ṣé orí ẹ pé? Ọwọ́ ara ẹ lo fi ba ẹsẹ̀ ẹ jẹ́ yìí!"

"Ẹ má bínú, dòtóò. Ẹ forí jì mí."

N kò gbọ́ kí ọmọdé pe ìyá mi ní ìwọ rí. Mo la ẹnu. Ìyá mi na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an. Mo pa ẹnu dé.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà kí òjò ọdún yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Títí ó fi kú, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ìwà òmùgọ̀ òun fúnra òun ló máa ń sọ fún wọn, èmi a sì jókòó síbẹ̀, n ó sì máa gbọ́ ọ.