Ọ̀rọ̀ Àṣẹ Oníràwọ̀

Nígbà ìjọba ológun, nígbà tí ìlú le tí owó oṣù olùkọ́ kì í dé lásìkò, ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹdẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Èmi àti olùkọ́ ìṣirò kan tó jù mí lọ dáadáa, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, la jọ kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, sínú rẹ̀.

Ìwé atọ́nà èdè tí kọ̀ǹpútà náà ń gbọ́ kò sí lọ́jà. Àǹtí ti yá ojúlówó rẹ̀ kà ní Ìbàdàn. Fọ́tókọ́pì ni tèmi, torí pé bébà sì wọ́n, mo fo àwọn ojú ewé tó gbẹ̀yìn, níbi tí àlàyé àwọn àmì wà. Ìràwọ̀ kékeré wà lára àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ kan nínú rẹ̀, mo sì bi Àǹtí ohun tó jẹ́. Ó ní àwọn tí kò níràwọ̀ ni gbogbo ayé ti fẹnu kò lé lórí. Ibi yòówù kí èèyàn ti lo èdè náà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Àfikún ni àwọn oníràwọ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀dà tiwa ló dá wọn sí i, wọ́n ṣì ń dán wọn wò ni, wọ́n sì lè yí wọn padà nígbàkigbà láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

“Wọn ò tíì di ọmọ ilé,” ó ní. “Má gbé ohun tó bá ṣe pàtàkì lé wọn lọ́wọ́.”

Ọsibítù kékeré kan wà nítòsí wa. Iná kì í dúró, jẹnẹrétọ̀ wọn ti kú, wọn kò lè tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pamọ́. Ohun tí wọ́n ní ò ju ìwé orúkọ àwọn tó gbà láti wá fúnni lẹ́jẹ̀ bí wọ́n bá ránṣẹ́ sí wọn. Nọ́ọ̀sì àgbà bẹ̀ mí kí n kó orúkọ náà sínú kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ, kí wọ́n lè tètè rí irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá ń wá.

Láti ka orúkọ látòkè dé ìsàlẹ̀, ó yẹ kí n kọ ìlà mọ́kànlá. Ọ̀rọ̀ oníràwọ̀ kan wà tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ni mo lò. Àǹtí rí i, ó ní kí n yọ ọ́. Mo ní màá yọ ọ́ tí a bá ti gba ọlidé. N kò yọ ọ́, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa fún ohun tó ju ọdún kan lọ.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà ọsibítù bàjẹ́, wọ́n rí òmíràn tó ní ẹ̀dà tuntun èdè náà. Mo gbé ètò mi sí i, mo wá irú ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀, orúkọ jáde. Mo lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àǹtí lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́sibítù pé òun náà á máa fúnni lẹ́jẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, orúkọ rẹ̀ ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, wọ́n gbé obìnrin kan wá láti Sẹkọna. Ó bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Nọ́ọ̀sì bi kọ̀ǹpútà léèrè, ó ní kò sí ẹnì kankan. Wọ́n gbé ọkọ̀ lọ wá ẹ̀jẹ̀ ní Òṣogbo. Kí ọkọ̀ tó padà, obìnrin náà ti kú. Ọmọ yè.

Lọ́jọ́ kẹta ni nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún Àǹtí pé kò sí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo orúkọ tí wọ́n ní. Àǹtí ní irú ẹ̀jẹ̀ tòun nìyẹn, òun sì ti forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo tẹ orúkọ ara mi sábẹ́ ti Àǹtí, mo fi irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sí i láti dán an wò, mo tún wá irú ẹ̀jẹ̀ náà: tirẹ̀ jáde, tèmi kò jáde. Nínú ẹ̀dà tuntun, wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ oníràwọ̀ náà padà. Ó ń dúró kó tó kan ẹni ìkẹyìn, kò sì sọ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Àǹtí kò bá mi wí. Ó jókòó tì mí, mo yọ orúkọ tèmi kúrò, a jọ kọ ìlà mọ́kànlá náà. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ jáde, ó wò ó pẹ́.

“Mo wà ní kíláàsì lọ́jọ́ yẹn,” ó ní. “Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ yẹn nígbà tó ń kọjá.”

Nọ́ọ̀sì ní kí n lọ sọ ọ́ fún ọkọ olóògbé fúnra mi. Fọkanáísà ni, ó ń lẹ táyà ní oríta Sẹkọna. Ó gbé àpótí fún mi, mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà náà kò yé e. Ó wá bi mí:

“Ṣé ẹ ti wá tún un ṣe?”

“A ti tún un ṣe, sà.”

Ó mi orí, ó padà sídìí táyà rẹ̀. Ì bá sàn fún mi ká ní ó gbá mi létí.

Ọjọ́ ti pẹ́. Àǹtí ti fẹ̀yìn tì, a kì í sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń kọ́ ẹnikẹ́ni ní ètò kíkọ, mo máa ń ní kí wọ́n tún yẹ ibi tó gbẹ̀yìn nínú ohun tí a ń kà wò. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, táyà mi jò lẹ́bàá Sẹkọna. Ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jọ ọ́ ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó ní bàbá òun ń bọ̀ láìpẹ́, kí n jókòó. N kò bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n.