Ìwé Tí Kò Ní Ẹ̀yìn

Mo ti lé ní ogójì ọdún, ìwé ìtàn ọmọdé ni mo ṣì ń kà. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ìgbà wo ni mo fẹ́ jáde ìwé mẹ́fà. Èmi mọ ìdí tí mo fi ń kà á. Àròyé ti pọ̀ jù nínú ìwé àwọn àgbàlagbà. Nínú ìwé ọmọdé, bí ebi bá ń pa ọmọ, wọ́n á ní ebi ń pa á, ó tán.

Ìwé kan ló kó mi sí i. Ọdún tí ìyá wa kú ni olùkọ́ kan fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ìwé náà. A ti ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà nígbà náà, ní agboolé kan lẹ́yìn ọjà Ìpàta. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìrìn àjò, tí ọmọ náà wá ń lọ sétí odò lójoojúmọ́ láti wò ó bóyá ó ń bọ̀. Tá a bá ti ilé kéú dé, ẹ̀gbọ́n mi á kà á sí mi létí. Ibi tí ọmọ náà ti rí ọkọ̀ kan lókèèrè la dé tí ìwé fi tán lójijì. Ewé tó kẹ́yìn ti ya kúrò.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyá àgbà ló fi pọ́n ẹ̀pà. Ẹ̀pà yíyan ni wọ́n ń tà, wọn ò mọ̀wé, kò sì sí bébà tí wọn kì í fi pọ́n ọjà. Mo sunkún, mo bá wọn yan odì. Wọn ò sọ pé àwọn kọ́, wọn ò sì sọ pé àwọn ni. Wọ́n kàn bu ẹ̀pà fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ní òun mọ ìparí rẹ̀: ìyá náà wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì gbé e pọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ti dàgbà jù fún pípọ̀n. Mo ní kó tún un sọ títí ó fi sú u. Ìparí yẹn ni mò ń wá nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà láti ìgbà náà.

Ẹ̀gbọ́n mi kú lọ́dún tó kọjá. Kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà kẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní àdúgbò Adéwọlé. Kì í sunkún lójú mi. Èmi ni mo máa ń sunkún lójú rẹ̀, ojú sì máa ń tì mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí ìwé náà ní Táíwò Road, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù. Ẹ̀yìn rẹ̀ pé. Mi ò lè ní sùúrù délé, inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni mo ti ṣí i. Ìyá náà kò sí nínú ọkọ̀ yẹn. Kò padà wá rárá. Ọmọ náà padà sílé, ó dá iná, ó se oúnjẹ fún àbúrò rẹ̀, ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Mo sunkún débi pé obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá wọ́n tufọ̀ fún mi ni.

Mo pinnu pé ọmọ yìí kò gbọdọ̀ rí ewé yẹn. Egbò rẹ̀ kò tíì jiná, a kì í fi ata sí i. Mo délé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo di ewé náà mú láti fà á ya. Ló bá wọlé. Ó wo ìwé, ó wo ọwọ́ mi.

"Àǹtí, ẹ má ya á," ló wí. "Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ò padà wá."

Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní ìyá òun ni, nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ ya ewé náà nígbà tá a wà lọ́mọdé, tó sọ ọ́ sínú iná tí ìyá àgbà fi ń yan ẹ̀pà. Ìyá àgbà rí i, wọ́n sì ní kó di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn. Ìyá rẹ̀ sọ fún un pé lásìkò náà, lójoojúmọ́ ni mò ń lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà agboolé, tí mò ń retí ìyá wa. Mi ò rántí pé mo jókòó níbẹ̀ rí.

"Ìyá mi ní tí ẹ bá rí ìwé náà lọ́jọ́ kan," ọmọ náà ní, "kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹ dá a kà."

Mi ò lè sọ fún un pé mo ti dá a kà, nínú kẹ̀kẹ́, láàárín àwọn tí mi ò mọ̀. Mo sún fún un lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ṣí ìwé náà sí ìbẹ̀rẹ̀.