Ọmọ Tí Awẹmọ Kò Wẹ̀

Bí ẹ bá ń wá obìnrin tó fẹ́ràn ìmọ́tótó ní abà Ògúntìmẹ́hìn, lápá Lagelu níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá a jìnnà. Gbọ́njúbọ́lá ni. Àwọn ìyàwó ilé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ewé bá fẹ́ já bọ́ sí àgbàlá rẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ tọrọ àyè.

Òun náà ló ń tọ́jú Awẹmọ, omi tó ń sun jáde lábẹ́ òkè ẹ̀yìn abà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fà á lé e lọ́wọ́ kí wọ́n tó kú. Ọmọ tí wọ́n bá bí nínú agbo ilé, omi yìí ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́ kí ìyá àgbà tó pe oríkì rẹ̀ sí i létí. Títí dìgbà náà, àlejò ni wọ́n ń pè é. Gbọ́njúbọ́lá wá ọmọ títí kó tó bí Ọ̀ṣúntóbi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ wẹ ọmọ náà, Gbọ́njúbọ́lá sunkún ayọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń retí kí òun náà wẹ ọmọ-ọmọ tòun.

Ohun kan ló ń bí i nínú: ewé. Igi ńláńlá bo òkè náà dé ẹnu ìsun, ewé ń já sómi, ẹyẹ ń ṣu sí i. Nígbà tí ìyàwó Ọ̀ṣúntóbi lóyún, ó ní ọmọ-ọmọ òun kò ní fi omi ìdọ̀tí wẹ̀. Ó ní kí Ọ̀ṣúntóbi pe àwọn agégi wá láti Moniya.

"Màmá, ìyá àgbà máa ń sọ pé ewé ni aṣọ odò o."

"Aṣọ tó bá dọ̀tí ńkọ́? Ṣé a kì í bọ́ ọ ni?"

Wọ́n gé igi náà tán, wọ́n sun igbó ìdí rẹ̀. Inú Gbọ́njúbọ́lá dùn, ká má purọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Tẹ́lẹ̀ rí, ewé jíjẹrà orí òkè ló ń gba òjò dúró, tí ilẹ̀ yóò fà á mu díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì máa sun jáde títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, òjò ya wálẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀, ó dí ẹnu ìsun, ó sì gba oko kọjá lọ. Kí ọyẹ́ tó mú dáadáa, Awẹmọ ti gbẹ.

Inú ọyẹ́ náà ni Olúwabùnmi, ìyàwó Ọ̀ṣúntóbi, gbé ọmọkùnrin bọ̀ láti ilé ìgbẹ̀bí ní Olódò. Gbọ́njúbọ́lá gbé igbá, ó lọ sí ìsun. Ó fi ọwọ́ wa ẹrẹ̀ títí èékánná rẹ̀ fi ṣẹ́. Omi pupa tí kò kún ìdajì igbá ló gbé bọ̀.

Olúwabùnmi wo omi náà. "Ẹ má bínú, màmá," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ìwọ́ rẹ̀ ò tíì já."

Òótọ́ ni, Gbọ́njúbọ́lá sì mọ̀. Ó da omi náà nù. Piọ̀wọ́tà ni wọ́n fi wẹ ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ló feyín já ọ̀rá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló ti mú oríkì sílẹ̀, tó sì sọ ọ́ fún ará ilé: Àjàní. Ó gbé ẹnu sún mọ́ etí ọmọ, ṣùgbọ́n kò lè pè é. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Láti ìgbà náà, bó bá gbálẹ̀ tán, kì í sun ewé mọ́. Yóò kó o sínú agbọ̀n, yóò gun òkè, yóò tẹ́ ẹ sídìí àwọn kùkùté. Ó gbin igi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ga ju orúnkún lọ. Àwọn ìyàwó ilé kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Gbogbo ilé ló ń pè é ní Àjàní, àfi ìyá bàbá rẹ̀. Bí ọmọ náà bá rí i tó gbé agbọ̀n, a rìn tàgétàgé tẹ̀ lé e dé ẹsẹ̀ òkè.

"Dúró dè mí níbẹ̀, àlejò mi," ni Gbọ́njúbọ́lá máa ń wí fún un.