Ta Ló Sọ Valiben Di Ẹlẹ́sìn Búdà?

Ọdún mọ́kànlá ni Valiben fi fọ ìkòkò nílé-ìwé abúlé wa, kò sì sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ jà. Ọjọ́ tí wọ́n ní kó wá síwájú ààrò, kó máa se oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ fúnra rẹ̀, ni wàhálà dé.

Masi ni mo máa ń pè é, bí a ṣe ń pe àbúrò ìyá ẹni, torí òun àti ìyá mi jọ dàgbà ni. Opó ni, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí sì ń gé òkúta iyebíye ní ìlú Surat. Àdúgbò ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa ń gbé. Àwa ni ìran tí wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè tí màlúù bá kú sójúde ẹnì kan, pé ká wá wọ́ ọ dànù. Bàbá wa ṣe é, bàbá bàbá wa ṣe é. Ibi tí ọwọ́ wa bá kàn, àwọn ará òkè, ìyẹn àwọn ìran tó ka ara wọn sí ẹni mímọ́ jù wá lọ, á fi omi wẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Masi se ìrẹsì pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, tó dà á sáwo, ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà níjòókòó. Àwọn mẹ́sàn-án tó ti àdúgbò wa wá nìkan ló jẹun. Ọmọbìnrin kékeré kan láti òkè ti bu òkèlè kan sẹ́nu. Ìyá rẹ̀ wọlé, ó gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà á sílẹ̀. Obìnrin náà ò bú Masi o. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bá a sọ̀rọ̀: "Valiben, o mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Bí ayé ṣe rí nìyẹn."

Masi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti gbàgbé."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ló wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

"Dahi, gbé aṣọ yẹn sílẹ̀. Mo fẹ́ kó o bá mi kọ nǹkan."

"Kí ni, Masi?"

"Mo fẹ́ kúrò nínú ẹ̀sìn tí ọwọ́ mi ti ń sọ oúnjẹ di ẹ̀gbin. Mo fẹ́ di ẹlẹ́sìn Búdà, bíi Babasaheb Ambedkar, aṣáájú ìran wa tó pa ẹ̀sìn dà láyé àtijọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. "Lọ́jọ́ orí yín yìí? Àwọn ẹgbẹ́ yín ń wá eyín tuntun, ẹ̀yin ń wá ẹ̀sìn tuntun."

"Eyín mi pé," ó ya ẹnu. "Wá kà á."

Ṣùgbọ́n nípìnlẹ̀ tiwa, èèyàn kì í kàn jí láàárọ̀ kó pa ẹ̀sìn dà. Òfin wà. Olùkọ́ ẹ̀sìn tó bá fẹ́ gbà ọ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Kolẹ́kítọ̀, ìyẹn ọ̀gá ìjọba tó ń ṣàkóso gbogbo agbègbè wa. Bí kò bá gbà á, ẹ̀wọ̀n ni. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má baà fi ipá tàbí ẹ̀tàn fa èèyàn ni. Bí ẹni tí wọ́n gbà wọlé bá sì jẹ́ obìnrin, tàbí ọmọ ìran wa, ìyà olùkọ́ náà á tún pọ̀ sí i, àfi bí ẹni pé àwa ò ní orí tiwa lọ́rùn.

Ọkọ mi ní kí n má dá sí i. Mo dá sí i. Fọ́ọ̀mù náà béèrè ìran rẹ̀, ó béèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó wá béèrè ìdí.

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìkòkò ni."

"Masi, wọn ò ní gba ìyẹn."

"Ṣé ìdí tiwọn ni wọ́n ń béèrè ni, àbí tèmi?"

Ẹ̀rù bà mí, mo kọ "ìfẹ́ ọkàn mi ni." Kò lè kàwé, kò sì mọ̀. Bhante Sumedh, olùkọ́ ẹ̀sìn Búdà, arúgbó tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, wọ bọ́ọ̀sì wá, ó kọ orúkọ tirẹ̀ sí i, ó mu tíì, ó gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì Kolẹ́kítọ̀. Wọ́n fi ayẹyẹ ìgbàwọlé sí ọjọ́ òṣùpá àrànmọ́jú tó bọ́ sí oṣù karùn-ún.

Oṣù kan kọjá, a ò gbọ́ nǹkan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọlọ́pàá kan gun alùpùpù wọ àdúgbò wa.

"Èwo nínú yín ni Vali?"

Kò fi "ben" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin kún un. Bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ọdún méje nìyẹn. Masi nu ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ìyẹ̀fun jéró, ó jáde.

"Èló ni wọ́n fún ẹ?"

"Àwọn wo, saheb?"

"Àwọn tó fẹ́ yí ẹ lẹ́sìn padà. Àbí ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ṣèlérí?"

"Bhante mu tíì kan nílé mi. Èmi ni mo se é, ṣúgà mi ló sì lò. Tí ẹnì kan bá jẹ gbèsè, òun ni."

Àwọn obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ omi rẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá náà ò rẹ́rìn-ín. Ó na fọ́ọ̀mù náà sókè. "Ìwọ ò mọ̀wé. Ta ló kọ eléyìí?" Ojú rẹ̀ ń yí ká, ó bá tèmi níbi tí mo ti ń ránṣọ. "Ìwọ télọ̀, ìwọ ni?"

Mo ní, "Rárá, saheb."

"Ọmọ mi tó wà ní Surat ló kọ ọ́," Masi dá a lóhùn, kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi rotlo, búrẹ́dì jéró pẹlẹbẹ, sílẹ̀ nínú àwo. Mo lọ bá a pé kó dárí jì mí. Ó ní, "Ọmọ méjì rẹ wà nílé-ìwé wọn. Mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan." Mo sunkún délé. Ìròyìn burúkú mìíràn ló sì tẹ̀ lé e: Punjabhai, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti tẹ̀ka sórí ìwé ẹ̀sùn pé wọ́n ń fipá mú ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun. Òun fúnra rẹ̀ ló wá jẹ́wọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Masi.

"Bhabhi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ tí mò ń ro, ti àwọn ará òkè ni. Wọ́n ní kí n tẹ̀ka, àbí kí n kó irúgbìn mi dà nù."

"O ti jẹun?" ni gbogbo ohun tí Masi bi í.

Wọ́n pe Masi sí ọ́fíìsì Kolẹ́kítọ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ó kéré tán, mo lè jókòó tì í. Wákàtí mẹ́rin la fi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó pè wá sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ kan tó lè jẹ́ ọmọ Masi. Kò ní ká jókòó.

"Ó wà nínú ìwé pé wọ́n ń fipá mú ẹ. Ṣé lóòótọ́ ni? Má bẹ̀rù. Ìwọ la ṣòfin yìí fún."

Masi fi etí sárì rẹ̀ nu ojú. Mo rò pé àyà rẹ̀ ti já.

"Wọ́n ti fipá mú mi rí, saheb."

Òṣìṣẹ́ náà fà síwájú, ó gbé bírò. "Ta ni?"

"Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi mú mi fọ ìkòkò tí mi ò gbọdọ̀ fi se oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè mí síbí nígbà yẹn. Ta ló gbàṣẹ fún ìyẹn?"

Ọkùnrin náà gbé bírò sílẹ̀. Ó pa fáìlì dé.

"Ìwádìí ṣì ń lọ. Kó tó parí, tí olùkọ́ yẹn bá fi lè gbà ẹ́ wọlé, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Sọ fún un bẹ́ẹ̀."

Wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí wọ́n ṣe ń pa ìwé àwọn èèyàn wa tì nìyẹn.

Láti ìdájí ọjọ́ òṣùpá àrànmọ́jú ni ọlọ́pàá mẹ́rin ti dúró sí ẹnu ọ̀nà àdúgbò, tí àwọn ọ̀dọ́ ará òkè sì to ara wọn sẹ́yìn wọn. Bhante pè lórí fóònù pé òun ti wà ní ibùdókọ̀, òun ń bọ̀. Masi ní, "Ẹ padà sílé, Bhante. Ẹ̀wọ̀n ò yẹ arúgbó." Ó pa fóònù.

Nígbà tó di bí aago mẹ́wàá, ó jáde síwájú ilé rẹ̀ nínú sárì funfun. Òun nìkan. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò sún mọ́ ọn. A dúró sẹ́nu ọ̀nà wa. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta:

"Mo sá di Búdà. Mo sá di ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo sá di ìjọ rẹ̀."

Ẹnì kan ju òkúta láti ẹ̀yìn. Ó ba ògiri. Ọlọ́pàá ọjọ́sí sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ta ló ń yí ẹ lẹ́sìn padà níbí?"

"Ẹ wò ó yíká, saheb. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ mú un."

Òun ni wọ́n mú. Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n fi há a mọ́ àgọ́, tí wọ́n ń bi í ní ìbéèrè kan náà, tó ń fún wọn ní ìdáhùn kan náà. Lọ́yà kan láti ìlú Ahmedabad ló gba bẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ilé-ìwé ní oúnjẹ rẹ̀ ò mọ́ tó, wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ń bá àwọn èèyàn já òwú lóko báyìí. Ẹjọ́ náà ti lé lọ́dún kan, oṣooṣù ló ń lọ fọwọ́ síwèé ní àgọ́. Nínú ìwé ìjọba, ẹ̀sìn rẹ̀ àtijọ́ ló ṣì ń ṣe. Ìwádìí ṣì ń lọ.

Lẹ́yìn ìkórè tó kọjá, obìnrin méjì láti àdúgbò wa wá bá a pé kó kọ́ àwọn ní ọ̀rọ̀ yẹn. Mo wà níbẹ̀. Ó mi orí.

"Tí mo bá kọ́ yín, èmi ni mo di olùkọ́, wọ́n á sì mú mi. Ẹ máa lọ." Wọ́n ti ń dìde kó tó tún sọ̀rọ̀. "Láràárọ̀ ni mò ń sọ ọ́ fún ara mi níwájú ilé, kí n tó lọ oko. Ohùn mi sì máa ń lọ sókè. Etí yín kì í ṣe tèmi."

Ní báyìí, tó bá ti di aago mẹ́fà àárọ̀, obìnrin mẹ́fà tàbí méje, èmi náà nínú wọn, ló máa ń gbé omi gba iwájú ilé Masi kọjá, bí ẹni ṣèèṣì. Ọlọ́pàá náà sì ti mọ̀. Alùpùpù rẹ̀ máa ń rọra kọjá níbẹ̀ ní àkókò yẹn gan-an, ó ń ka orí wa. Lánàá, ó dúró, ṣùgbọ́n Masi ò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, àwa náà ò sì yà.