Obìnrin Tó Ń Yọ Awò Ojú Kí Iwin Tó Sọ̀rọ̀

Bí iwin bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ìtàn, olùkọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi a kọ́kọ́ yọ awò ojú rẹ̀, yóò sì wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé àwa ni iwin náà.

Kábà ni ìjọ wa wà. Àgbẹ̀ tí kò kàwé púpọ̀ ni mí, mo sì máa ń jókòó lẹ́yìn àwọn ọmọdé láti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí ó ka ìtàn ọba tó sọ àbúrò rẹ̀ di òkúta nítorí ilẹ̀, ibẹ̀ ni mo gbà lọ bá àbúrò mi ní oko kajú tí à ń jà lé lórí, a sì parí ìjà. Ìwàásù kankan kò gbé mi dé oko náà rí.

Alàgbà kan rí igi tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìtàn tí olùkọ́ ń kà fún wa, ó sì pariwo: “Màmá, irọ́ lẹ fi ń bọ́ àwọn ọmọ wa!”

“Okun o, Alàgbà,” olùkọ́ kí i bí ará Kábà ti ń kíni. “Afúnrúgbìn tí Jésù sọ ìtàn rẹ̀, kí ni orúkọ bàbá rẹ̀?”

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni àwọn alàgbà kò dárí jì í. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo bá ìgbìmọ̀ ìjọ sọ ọ́. Wọ́n ní kí èmi púrúǹtù lọ jókòó. N kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ẹ̀tọ́ olùkọ́ wa ni mo ń béèrè. Níbi tí ó ka ìtàn dé kí wọ́n tó gba ìwé náà, ọmọbìnrin kan wà lábẹ́ odò, ó ń kan ilẹ̀kùn. A kò tíì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ṣí i fún un.